Ọmọ mi ń "rékọjá, yí padà" nínú álíjẹ́bírà, kò sì mọ ohun tó ń yí. Ẹ bá mi dá sí i

Màmá_Tọ́lá, Adó-Èkìtì. Ọjọ́rú, aago 9:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ mi obìnrin wà ní JSS 2 níbí l'Adó. Orí rẹ̀ pé. Òun ló ń bá mi ṣírò owó ní ìsọ̀ mi ní Ọjà Ọba, kì í ṣì í. Àmọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ álíjẹ́bírà ní sáà yìí, ẹkún ló fi ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Lánàá mo jókòó tì í, mo ṣí nóòtù rẹ̀. Ẹ wo ohun tí mo bá níbẹ̀:

x + 7 = 15. Ó kọ x = 15 − 7 = 8. Tíṣà ní ó gbà á.
3x = 12. Ó kọ x = 12 − 3 = 9. Báírò pupa.
x/4 = 8. Ó kọ x = 8/4 = 2. Báírò pupa.
2x + 5 = 17. Ó kọ 2x = 12, ó wá kọ x = 12 − 2 = 10. Báírò pupa.

Mo bi í léèrè pé kí ló dé tó fi yọ 3 kúrò nínú 12. Ó ní, "Mọ̀mí, tíṣà ní tí nǹkan bá ti rékọjá àmì dọ́gba, kó yí padà. Ó ti rékọjá, mo sì ti yí i." Mo dákẹ́. Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa sọ fún un pé ibi báyìí ló ti ṣì í.

Ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa ṣàlàyé ẹ̀? Mi ò fẹ́ kó há a sórí. Mo fẹ́ kó yé e.

Tíṣà_Ń_Bọ̀, Ìkẹ́rẹ́. Ọjọ́rú, aago 9:40 alẹ́

Ẹ kú làálàá ọmọ, mà. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń kọ́ lọ́wọ́ ní Ìkẹ́rẹ́, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi tí wọ́n rán wa lọ dán iṣẹ́ wò dé ni. Irú nóòtù yìí pọ̀ lọ́wọ́ mi níbẹ̀.

Mà, kò sí ohun tó ń rékọjá. 7 kò ní ẹsẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n fi 7 kún x, ó wá di 15. A fẹ́ kí x dá dúró, torí náà a ó yọ 7 yẹn kúrò lára rẹ̀. Àmọ́ a ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọwọ́ òsì àti ọwọ́ ọ̀tún dọ́gba. Tí a bá yọ 7 lọ́wọ́ kan tí a kò yọ ọ́ lọ́wọ́ kejì, wọn kò dọ́gba mọ́. Ohun tó yẹ kó wà nínú nóòtù nìyí:

x + 7 = 15
x + 7 − 7 = 15 − 7
x = 8

Ìlà àárín yẹn ni wọ́n máa ń fò lórí pátákó. Ẹ jẹ́ kó máa kọ ọ́, kódà tó bá sú u.

Tó bá wá kan 3x = 12, kò sí ẹni tó fi 3 kún x. Ìlọ́po mẹ́ta ni wọ́n sọ x dà. Ohun tó ń tú ìlọ́po mẹ́ta ni pínpín sí ọ̀nà mẹ́ta. 12 pín sí mẹ́ta, 4 ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni x/4: wọ́n ti pín x sí mẹ́rin, ìdá kan ṣoṣo ló jẹ́ 8. Odindi rẹ̀ á jẹ́ 8 lọ́nà mẹ́rin, ìyẹn 32.

Torí náà kó tó kọ ohunkóhun, ẹ bi í pé: "Kí ni wọ́n ṣe fún x?" Kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni kó tó wá ohun tó máa tú u.

Bàbá_Tíṣà_Ìjerò. Ọjọ́rú, aago 10:05 alẹ́

Mo kí gbogbo yín. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ìṣirò kí n tó fẹ̀yìn tì. "Rékọjá kí o yí padà" ni mo fi kọ́ wọn, àwọn ọmọ mi sì yege. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹ má sọ ọ́ di irọ́. Ọ̀nà àbùjá ni, òótọ́ sì ni. Ohun tó ku díẹ̀ káàtó nínú nóòtù ọmọ yẹn ni pé wọn kò sọ fún un pé èwo ló ń di èwo. Ìròpọ̀ ń di àyọkúrò, ìsọdipúpọ̀ ń di pínpín. Ó fi 3 sí àyọkúrò nígbà tó yẹ kó pín in. Kó há ìyẹn sórí, ó parí.

Tíṣà_Ń_Bọ̀, Ìkẹ́rẹ́. Ọjọ́rú, aago 10:21 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, bàbá. Ẹ má bínú pé mo tún dá sí i. Ẹ wo 3x dáadáa, sà. Àmì wo ló wà láàárín 3 àti x? Kò sí. Wọ́n ti fi í pamọ́. Tẹ́ ẹ bá sọ fún ọmọ pé kó yí àmì padà, tí kò sì rí àmì kankan, ohun tó máa ṣe ni pé á rò pé 3 yẹn ní àmì ìròpọ̀ níwájú gẹ́gẹ́ bíi 7 àná, á wá sọ ọ́ di àyọkúrò. Àṣìṣe tí ọmọ yẹn ń ṣe nìyẹn gan-an. Ó ń tẹ̀lé òfin tí wọ́n fún un.

Bàbá_Tíṣà_Ìjerò. Ọjọ́rú, aago 10:48 alẹ́

Mo ti ka ohun tí o kọ lẹ́ẹ̀mejì. Òótọ́ ni. Mo ti rí àṣìṣe yẹn lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ, mi ò sì ronú sí i rí pé àmì tí a fi pamọ́ ló ń fà á. Mo máa ń sọ pé àìfetísílẹ̀ ni.

Màmá Tọ́lá, ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ báyìí fún ọ̀sẹ̀ kan: 3 × x = 12. Kó máa fi àmì ìsọdipúpọ̀ sí i ní gbogbo ìgbà. Ọmọ á rí i pé ìsọdipúpọ̀ ló wà níbẹ̀.

Aránṣọ_Ìkọ̀lé. Ọjọ́bọ̀, aago 6:30 àárọ̀

Ẹ kú ojúmọ́. Ọmọkùnrin mi ló ní ìṣòro yìí lọ́dún tó kọjá. Ẹnu nìkan kò tó fún un, ó fẹ́ fi ọwọ́ kan nǹkan. Mo mú ìkọ́ aṣọ kan ní ṣọ́ọ̀bù, irú ti onírin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, mo fi kọ́ ìṣó tó wà lára ilẹ̀kùn. Mo so náílọ́nù kéékèèké sí etí rẹ̀ méjèèjì. Mo ní kó yíjú sẹ́yìn. Mo ka ọmọ ayò mẹ́fà-mẹ́fà sínú náílọ́nù dúdú méjì, mo dì í, mo sì kó méjèèjì sí etí òsì pẹ̀lú ọmọ ayò márùn-ún tó hàn síta. Mo kó ọmọ ayò mẹ́tàdínlógún sí etí ọ̀tún. Ìkọ́ náà dúró gbọnrangandan.

Mo ní, "Iye tó wà nínú náílọ́nù dúdú kan ni x. Má tú u o." Ó kọ́kọ́ fẹ́ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo ní rárá, yọ ohun tó o lè yọ láìjẹ́ pé ìkọ́ yìí dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó yọ márùn-ún lápá òsì, ìkọ́ dà sí ọ̀tún. Ó sáré yọ márùn-ún lápá ọ̀tún, ó padà dúró. Mi ò sọ̀rọ̀. Ó wo náílọ́nù méjì, ó wo méjìlá, ó ní, "Mẹ́fà ni." Ó tú u, ó kà á, mẹ́fà ni lóòótọ́. Ariwo tó pa, àwọn oníbàárà mi yọjú wò wá.

Lẹ́yìn ìgbà náà, bí mo bá ti rí i pé ó fẹ́ ṣe nǹkan sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo nínú ìwé, mo máa ń fi ọwọ́ ṣe bí ìkọ́ tó dà. Kò ju ìyẹn lọ.

Káfíńtà_Ìyìn. Ọjọ́bọ̀, aago 7:15 àárọ̀

Èyí dáa gan-an, ìyá wa. Àtúnṣe kékeré kan: ọmọ ayò kì í wọ̀n dọ́gba, èyí tó tóbi wà, èyí tó ti gbẹ wà. Ọmọ mi gbìyànjú ẹ̀, ìkọ́ ń dà nígbà tó yẹ kó dúró, ó wá rò pé òun ṣì í. Ìdérí ìgò mínírà ni kẹ́ ẹ lò. Gbogbo rẹ̀ rí bákan náà. Ẹ sì wọn ìkọ́ náà, kí okùn méjèèjì jìnnà sí àárín bákan náà.

Awakọ̀_Adó_Àkúrẹ́. Ọjọ́bọ̀, aago 1:02 ọ̀sán

Ìbéèrè tèmi: ọmọ mi mọ̀ pé ohun kan ń tú ohun kan. Àmọ́ nínú 2x + 5, kò mọ èyí tó máa kọ́kọ́ tú, 2 ni àbí 5. Mo fi ẹrù ọkọ̀ ṣàlàyé fún un. Tí mo bá ń kó ẹrù sẹ́yìn ọkọ̀ ní gáréèjì, àpò iṣu ẹni tó kọ́kọ́ dé ló máa wà nísàlẹ̀ pátápátá. Agbọ̀n tòmátì ẹni tó dé kẹ́yìn ló wà lókè. Tí a bá dé Àkúrẹ́, mi ò lè fa àpò iṣu jáde kí n tó gbé agbọ̀n kúrò lórí rẹ̀. Ohun tó wọlé kẹ́yìn ló ń kọ́kọ́ jáde.

Nínú 2x + 5, wọ́n kọ́kọ́ sọ x di ìlọ́po méjì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi 5 lé e lórí. 5 ló wọlé kẹ́yìn, òun ló ń kọ́kọ́ jáde. Ṣé mo sọ ọ́ bó ṣe yẹ àbí mo ṣì í? Ẹ̀yin tíṣà, ẹ sọ fún mi.

Tíṣà_Ń_Bọ̀, Ìkẹ́rẹ́. Ọjọ́bọ̀, aago 1:30 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ṣì í rárá. Mo máa fi ẹrù yín kọ́ kíláàsì mi. Ẹ fi èyí kún un: tí bírákẹ́ẹ̀tì bá wà, bí wọ́n ṣe kó ẹrù ti yí padà. 4(x − 3) = 20. Níbí, wọ́n kọ́kọ́ yọ 3 kúrò lára x, lẹ́yìn náà ni wọ́n fi 4 sọ gbogbo rẹ̀ di púpọ̀. 4 ló wọlé kẹ́yìn. Ẹ pín ọwọ́ méjèèjì sí mẹ́rin, x − 3 = 5. Ẹ wá fi 3 padà sí méjèèjì, x = 8. Ọmọ tó bá ti há a sórí pé "èyí tó ní àmì ìròpọ̀ tàbí àyọkúrò ni à ń kọ́kọ́ tú" máa ṣubú níbí.

Ọmọ_Fájuyì. Ọjọ́bọ̀, aago 4:44 ìrọ̀lẹ́

Lẹ́nu kan, ẹ má jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ pín láéláé tí kò bá sí bírákẹ́ẹ̀tì. Àṣìṣe ni.

Bàbá_Tíṣà_Ìjerò. Ọjọ́bọ̀, aago 5:10 ìrọ̀lẹ́

Rárá o, Ọmọ Fájuyì. Kì í ṣe àṣìṣe. Ó kàn lè kó ọmọ sí wàhálà ni. Wo 2x + 6 = 18. Pín gbogbo rẹ̀ sí méjì: x + 3 = 9, x = 6. Ó tọ́, ó sì yá. Ohun tí kò tọ́ ni kí ọmọ pín 2x, kó pín 18, kó wá fi 6 sílẹ̀ bó ṣe wà. Bí o bá ní o fẹ́ pín ìkòkò ọbẹ̀ sí ọ̀nà méjì, o kò lè pín omi ọbẹ̀ kí o fi ẹran sílẹ̀ lódindi.

Nínú 2x + 5 = 17, o lè kọ́kọ́ pín náà, àmọ́ 5 á di 2½, 17 á di 8½. Ta ló rán ọmọ níṣẹ́ ìdá? Ìdí tí a fi ń yọ 5 kúrò ná nìyẹn. Ìrọ̀rùn ni a ń wá.

Onírẹsì_Ìgbẹ́mọ. Ọjọ́bọ̀, aago 8:00 alẹ́

Màmá Tọ́lá, ọmọ yín ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, torí ó ń bá yín tajà. Ẹ fi ọjà bi í. "Mo ra kọ́ńgò ìrẹsì mẹ́ta, mo fi 600 náírà gun ọ̀kadà délé. Gbogbo owó tó jáde lápò mi jẹ́ 9,000. Èló ni kọ́ńgò kan?" Ẹ máa rí i, ó máa yọ owó ọ̀kadà kúrò ná, 8,400, kó tó pín in sí mẹ́ta, 2,800. Kò sí ọmọ ọlọ́jà tó máa sọ pé 8,400 yọ 3. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ ní kó kọ ọ́ sínú ìwé: 3x + 600 = 9,000. Kó rí i pé nǹkan kan náà ni.

Màmá_Tọ́lá, Adó-Èkìtì. Ọjọ́bọ̀, aago 9:35 alẹ́

Mo ṣe ti Onírẹsì ní alẹ́ yìí. Kò tíì pé ìṣẹ́jú kan tó fi sọ 2,800. Mo ní kó kọ ọ́. Ó kọ 3x + 600 = 9,000, ó wò ó, ó wò mí, ó ní, "Mọ̀mí, ṣé ohun tí tíṣà ń sọ látọjọ́ yìí nìyí?" Omi bọ́ lójú mi. Ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀la la máa ṣe ti ìkọ́ aṣọ. Mo ti ń ṣa ìdérí ìgò jọ.

Yíyára_Ló_Jù. Ọjọ́ Ẹtì, aago 10:10 àárọ̀

Kí ló dé tí ẹ ń da ara yín láàmú? Nǹkan wà lórí fóònù báyìí tó jẹ́ pé tí ọmọ bá ti ya fọ́tò ìbéèrè, á gbé ìdáhùn jáde pẹ̀lú gbogbo ìlà rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni àwọn kan.

Aránṣọ_Ìkọ̀lé. Ọjọ́ Ẹtì, aago 10:31 àárọ̀

Wọ́n kì í gbé fóònù wọ gbọ̀ngàn ìdánwò Júníọ̀ Wáẹ́ẹ̀kì.

Tíṣà_Ń_Bọ̀, Ìkẹ́rẹ́. Ọjọ́ Ẹtì, aago 11:02 àárọ̀

Mi ò kórìíra fóònù. Àmọ́ iṣẹ́ yìí ní ohun kan tí kì í wọ́pọ̀: ọmọ lè mọ̀ fúnra rẹ̀ bóyá òun gbà á, láìbi tíṣà, láìbi fóònù. Kó mú ìdáhùn rẹ̀, kó fi í sí ipò x nínú ìbéèrè. Tọ́lá kọ x = 9 fún 3x = 12. Kó fi 9 síbẹ̀: 3 × 9, 27. Ṣé 27 àti 12 dọ́gba? Ká ní ó dán an wò ni, á ti mọ̀ kí báírò pupa tó dé bá a. Ẹ jẹ́ kó máa kọ ìdánwò yẹn sí abẹ́ gbogbo iṣẹ́ tó bá ṣe. Nínú gbogbo ohun tí mo ti kọ síbí, èyí ló jẹ mí lógún jù.

Ọmọ_Ẹ̀fọ̀n. Ọjọ́ Ẹtì, aago 7:48 alẹ́

Mo fẹ́ fi ohun kan kún un tí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà. Ohun tí à ń pè ní àjèjì yìí ti wà nínú òǹkà wa látilẹ̀wá. Kí ni mẹ́tàdínlógún? Ogún ni, tí wọ́n ti yọ mẹ́ta. Da mẹ́ta padà sí i, ogún á yọ. Ẹ wá wo márùndínláàádọ́ta. Ogún lọ́nà mẹ́ta ni ọgọ́ta. Ẹ yọ mẹ́wàá, àádọ́ta. Ẹ yọ márùn-ún, márùndínláàádọ́ta. Tí ọmọ bá fẹ́ padà sí ogún, ẹ̀yìn ni yóò gbà: fi márùn-ún kún un, fi mẹ́wàá kún un, pín in sí mẹ́ta. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, 3x − 10 − 5 = 45, x jẹ́ 20. Àwọn baba wa ń ṣe èyí lẹ́nu lójoojúmọ́ tí wọ́n bá ń ka iṣu lóko.

Ìdí nìyí tó fi ń dùn mí pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni a fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, àti ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa.

Ọmọ_Fájuyì. Ọjọ́ Ẹtì, aago 8:05 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yín dùn létí, àmọ́ ọmọ JSS 2 mélòó l'Adó ló lè ka òǹkà Yorùbá kọjá ogún lónìí? Ẹ ó kọ́kọ́ kọ́ ọ ní òǹkà, ẹ ó tún kọ́ ọ ní álíjẹ́bírà. Ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ọmọ_Ẹ̀fọ̀n. Ọjọ́ Ẹtì, aago 8:20 alẹ́

Mo gbà pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kéré. Mẹ́tàdínlógún nìkan ti tó fún un. Ìyókù, kó wà fún ìsinmi.

Ìyá_Ìbejì_Báṣírì. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 7:30 àárọ̀

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, àwọn ìbejì mi wà ní JSS 3, ibi tí wọ́n há sí nìyí: 5x − 3 = 2x + 9. Ẹ ní ká bi í pé "kí ni wọ́n ṣe fún x". X wà níbí, x wà lọ́hùn-ún. Èwo ni ká bi? Ẹrù awakọ̀ kò sì bá a mu, torí ọkọ̀ méjì ni.

Ọmọ_Kéwú_Adó. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 9:14 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i láti ọ̀nà ilé kéwú, torí ibẹ̀ ni orúkọ iṣẹ́ yìí ti wá. Al-jabr, èdè Lárúbáwá ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí a dá ohun tó dín tàbí tó dá padà bọ̀ sípò. Ọ̀rọ̀ yẹn náà ni wọ́n ń lò fún kí a to eegun tó kán. Ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ al-Khwarizmi ló kọ ìwé lé e lórí ní Bàgdádì ní nǹkan bí ọdún 820. Kò lo x rárá, ọ̀rọ̀ ẹnu ló fi kọ gbogbo rẹ̀. Ohun tó pè ní al-jabr ni pé tí nǹkan bá dín ní apá kan, fi í padà, kí o sì fi iye kan náà kún apá kejì. Ó tún ní ìkejì, al-muqabala: tí irú nǹkan kan náà bá wà ní apá méjèèjì, mú un kúrò ní apá méjèèjì.

Iṣẹ́ àwọn ìbejì gba méjèèjì. Irú kan náà wà lápá méjèèjì, ìyẹn x. Ẹ yọ 2x kúrò lápá òsì, ẹ yọ 2x kúrò lápá ọ̀tún: 3x − 3 = 9. Apá òsì wá dín 3. Ẹ fi 3 padà, ẹ fi 3 kún apá kejì: 3x = 12. Ẹ pín in sí mẹ́ta, x = 4. Ẹ dán an wò: 5 × 4 − 3, 17. 2 × 4 + 9, 17 náà ni.

Ẹ wá rí i pé àmì dọ́gba pàápàá, ẹ̀yìn ìgbà náà tipẹ́tipẹ́ ló dé. Robert Recorde, ará Wales, ló kọ́kọ́ fi í sínú ìwé ní 1557. Ìlà méjì tó gùn bákan náà ló fà, ó ní kò sí ohun méjì tó tún lè dọ́gba jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí àmì náà ń sọ nìyẹn látìgbà náà. Kì í ṣe afárá tí nǹkan ń gbà kọjá.

Bàbá_Tíṣà_Ìjerò. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 9:50 àárọ̀

Alfa, ẹ ṣeun. Gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ ọ, mi ò mọ̀ pé eegun títò wà nínú orúkọ náà.

Ìyá Ìbejì, ẹ kíyè sí i pé "ṣe é sí ọwọ́ méjèèjì" nìkan ló yọ wá nínú èyí. Ẹrù àti rírìn padà sẹ́yìn dára tí x bá wà níbì kan ṣoṣo. Tó bá wà níbi méjì, ẹ kọ́kọ́ kó o jọ sí apá kan. Mo ń sọ èyí pẹ̀lú gbogbo bí mo ṣe gbèjà "rékọjá" ní Ọjọ́rú.

Káfíńtà_Ìyìn. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 12:20 ọ̀sán

Ẹ tún rántí pé ìkọ́ aṣọ kò lè fi x − 3 hàn. Ẹ ò lè so ohun tí kò sí mọ́ etí ìkọ́. Ọmọ mi béèrè bẹ́ẹ̀, mi ò rí ìdáhùn fún un. Tẹ́ ẹ bá dé ibi àyọkúrò, ẹ fi ìkọ́ sílẹ̀, ẹ lo owó. "Wọ́n yọ ọgọ́rùn-ún mẹ́ta náírà lára owó mi, ó ṣẹ́ ku ẹgbẹ̀rún. Èló ni mo ní tẹ́lẹ̀?"

Màmá_Tọ́lá, Adó-Èkìtì. Ọjọ́ Àìkú, aago 6:15 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìsinmi o. Lẹ́yìn ìsìn lónìí, mo fún un ní iṣẹ́ mẹ́wàá. Bàbá rẹ̀ ló bá mi wá wọn. Ó kọ àmì × sínú gbogbo 3x bí Bàbá Tíṣà ṣe wí, ó kọ ìlà àárín, ó sì fi ìdánwò sábẹ́ rẹ̀. Ó gba mẹ́sàn-án. Mẹ́sàn-án! Ẹni tó gba ẹyọ kan nínú mẹ́rin lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Èyí tó kù ni 10 − x = 4. Ó kọ x = 14. Nígbà tó dán an wò, 10 − 14 kò bá 4 mu, ó sì mọ̀ pé òun ṣì í, àmọ́ kò rí ibi tó ti ṣì í. Ó ní, "Àyọkúrò ni wọ́n ṣe, mo sì fi 10 kún un." Èmi náà ò rí i.

Tíṣà_Ń_Bọ̀, Ìkẹ́rẹ́. Ọjọ́ Àìkú, aago 6:40 ìrọ̀lẹ́

Mo bá yín yọ̀ gan-an, mà! Pé ó mọ̀ fúnra rẹ̀ pé òun ṣì í, ìyẹn tóbi ju mẹ́sàn-án lọ lójú mi.

Ẹ bi í pé ta ni wọ́n yọ. Nínú x − 10, 10 ni wọ́n yọ kúrò lára x. Nínú 10 − x, x fúnra rẹ̀ ni wọ́n yọ. Torí náà x ni ká fi padà sí ọwọ́ méjèèjì:

10 − x + x = 4 + x
10 = 4 + x

Láti ibẹ̀, ó ti mọ ọ̀nà. Ẹ yọ 4 kúrò lápá méjèèjì, x = 6.

Màmá_Tọ́lá, Adó-Èkìtì. Ọjọ́ Àìkú, aago 8:02 alẹ́

Mo kà á sí i létí. Ó ní, "Háà, x ni wọ́n mú lọ!" Ó sì ti wọ yàrá lọ kọ 20/x = 5 sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò sí nínú iṣẹ́ tí mo fún un. Ó ní òun fẹ́ mọ ohun tó máa tú u nígbà tó jẹ́ pé x ló wà nísàlẹ̀. Ṣé kí n sọ ọ́ fún un? Bàbá rẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Bàbá_Tíṣà_Ìjerò. Ọjọ́ Àìkú, aago 8:09 alẹ́

Ẹ má sọ ọ́ o. Ẹ jẹ́ kó sùn lé e.

Màmá_Tọ́lá, Adó-Èkìtì. Ọjọ́ Ajé, aago 6:20 àárọ̀

Ó jí mi kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ti fi x sọ ọwọ́ méjèèjì di púpọ̀: 20 = 5 × x, x = 4. Ó sì ti kọ 20 ÷ 4 = 5 sábẹ́ rẹ̀, ó fa ìlà méjì sí i nídìí.